Òrùka Tó Bọ́ Nínú Omi Tútù

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n tí ẹ mú ìwé yìí dání, mo kí yín. Ẹni tó jókòó sórí àga tó rọ̀, mo kí ọ. Ẹni tó dúró nídìí iná, tó ń fi ojú kan ṣọ́ ìkòkò, tó ń fi ojú kejì kàwé, mo kí ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpẹ́ ni fún Olúwa tó dá ọwọ́ fún wa, tó fi èékánná bo orí ìka kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí ènìyàn bá fi òrùlé bo ilé, tí kò sì gba ọwọ́ náà lára wa lọ́jọ́ tí a fi ṣe ohun tí kò rán wa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó ni ín ló ní kí n sọ ọ́. Mo bi í léèrè pé ibo ni kí n ti fi aṣọ bò ó díẹ̀. Ó mi orí. Ó ní, "Má bo ibì kankan. Aṣọ tí mo ti fi bò ó ti pọ̀ jù." Nítorí náà, òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá, ọjọ́ náà sì ti pé.

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Èékánná. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín ṣọ́ọ̀bù aránṣọ àti ti ẹni tó ń tún aago ṣe, ibẹ̀ ló ti ń bá àwọn obìnrin gé èékánná, tó ń rẹ́ ẹ, tó ń kùn ún ní ọ̀dà títí tí yóò fi máa dán bí ojú dígí. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì rọ̀. Bó bá di ìka rẹ mú, oorun á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọ lọ. Ohùn òkè ló ń gbè nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, kì í sì í dákẹ́ orin lẹ́nu iṣẹ́, débi pé àwọn oníbàárà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Àǹtí, ẹ rọra máa kọ ọ́ o, kí n má baà ronú pìwà dà kí ọ̀dà tó gbẹ." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ ronú pìwà dà, mo máa kùn ún lẹ́ẹ̀kejì fún yín." Bẹ́ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀ wá bá.

Màmá rẹ̀ ń gbé ní òpópónà kejì, nínú ilé tí bàbá wọn kọ́ kó tó lọ sinmi. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó kù fún un kò ju "hẹn" àti "rárá" lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá tí ọ̀rọ̀ máa ń dùn lẹ́nu rẹ̀ rí ni. Ọwọ́ òsì nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ọwọ́ òsì náà ni òrùka wúrà tí bàbá fi gbé e níyàwó wà, ìka sì ti wú yí i ká, bí èèpo igi ṣe máa ń wú yí wáyà tí wọ́n so mọ́ ọn láti kékeré. Bọ̀ọ̀dá wọn, tó jẹ́ àkọ́bí, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló máa ń wálé. Àǹtí ní ṣọ́ọ̀bù. Ni wọ́n bá gba ọmọbìnrin kan láti máa tọ́jú Màmá. Ọmọ náà kò lè gbé ìyá dìde kó má sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Bó bá yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Bó bá nu ẹnu rẹ̀, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Bí àga oníkẹ̀kẹ́ bá kọlu ilẹ̀kùn, á bẹ ìyá, á sì bẹ ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá ló sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Ó yẹ kí inú Àǹtí dùn sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé bí òun bá wọlé, Màmá á wò ó, á mirí. Bí Pẹ̀lẹ́ bá wọlé, Màmá á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó wọ́ lápá kan yẹn, tó sì kan gbogbo ara rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó rí Màmá tó fi àtàǹpàkò yí òrùka náà, ó yí i, ó yí i, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó sì fi kan ìka Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dára gan-an, Màmá. Bàbá mọ nǹkan rà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnu ìyá ṣì dá ṣáká, ó ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn rí pé, "Ẹni tó bá tọ́jú mi dalẹ́ ni yóò ni òrùka yìí." Ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Àǹtí wá gbé e síwájú ara rẹ̀ bí ìwé ìdájọ́. Èrò burúkú kì í kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yin ará mi. Bí ẹbí ló máa ń wọlé, á sì béèrè pé ibo ni kí òun jókòó sí. Àǹtí fún un ní àga. Ó sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Òrùka bàbá mi kò ní bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Màá kàn bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni." Tọ́jú! Ẹ gbọ́ bí olè ṣe ń fún olè jíjà ní orúkọ mìíràn.

Ó sọ fún Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù pé òun fẹ́ lọ ṣe èékánná Màmá nílé, torí ó ti gùn, ó sì ti ń ya aṣọ. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìwọ ọmọ dáadáa. Ọlọ́run á san án fún ọ." Àǹtí gbé fóònù sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sínú báàgì rẹ̀. Ó mú àlùmọ́gàjí kékeré. Ó mú fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ èékánná, èyí tó kúná, torí èékánná àgbàlagbà máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ti awọ ìdí èékánná sẹ́yìn, ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, aṣọ ìnura méjì, ọ̀dà aláwọ̀ òdòdó tí Màmá fẹ́ràn, agolo ìpara ọwọ́ kan. Títí dé ibí yìí, kò sí ẹni tó lè rí àbùkù nínú báàgì náà. Ó wá mú ìgò òróró ólífì, ó sì mọ̀ pé ó pọ̀ ju ohun tí èékánná nílò lọ. Ó rántí yìnyín tó wà nínú fíríìjì Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí: omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni a fi ń rẹ ọwọ́, òun ló ń mú èékánná rọ̀. Omi yìnyín kò wúlò fún èékánná rárá. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe, á mú kí ìka tó wú fà sẹ́yìn. Àǹtí mọ èyí ju gbogbo àdúgbò lọ. Ó ń kó ẹrù, ó sì ń kọrin. Nígbà tó dé ìlà kejì orin náà, ó dá a dúró. Ó sì fa ṣíìpù báàgì.

Nígbà tó dé ilé Màmá, Pẹ̀lẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, Àǹtí. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, báàgì yìí wúwo. Màmá, ẹ wo ẹni tó wá ṣe yín lọ́ṣọ̀ọ́!" Àǹtí ní, "Háà, Pẹ̀lẹ́, mo gbàgbé òwú. Bá mi sáré dé ilé olóògùn tó wà nígun, kó o bá mi ra òwú funfun wá." Òwú wà nínú báàgì, lábẹ́ aṣọ ìnura. Pẹ̀lẹ́ bọ́ sínú bàtà rẹ̀, ó lọ. Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Àǹtí da yìnyín sínú abọ́, ó bu omi sí i, ó sì ki ọwọ́ òsì Màmá bọ̀ ọ́. Ìyá náà gbọ̀n. Ó gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Àǹtí ní, "Ẹ má bínú, Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n yọ òrùka yìí díẹ̀, kí n fọ ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀." Ìyá náà ronú díẹ̀, ó sì ní, "Hẹn." Kò jà. Ó fi ọwọ́ náà sílẹ̀ fún un, bí èèyàn ṣe ń fi ọmọ rẹ̀ lé ìyá mìíràn lọ́wọ́ kó lè rí àyè wẹ̀. Àǹtí da òróró sí i. Ó yí i, ó fà á. Awọ ìka kó jọ, ìyá fajú ro, Àǹtí sì ń sọ pé, "Ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀." Òrùka náà bọ́, ó sì ró kín-ín nínú abọ́. Àǹtí ṣí agolo ìpara, ó tẹ òrùka náà rì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fi ìka tẹ́ ojú ìpara náà bí ẹni tó ń tẹ́ ojú ilẹ̀ lórí ohun tó sin. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó da omi gbígbóná díẹ̀ sí abọ́, tó gé èékánná ìyá rẹ̀, tó rẹ́ ẹ, tó kùn ún. Ó ṣe é dáadáa. Kò tíì ṣe ti ẹnikẹ́ni dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìyá náà na ìka kẹrin sókè, ó ya á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ó ń retí kí ọmọ rẹ̀ dá òrùka náà padà. Ó na án títí. Àǹtí fi aṣọ ìnura bo ọwọ́ náà, ó ní kí ọ̀dà lè gbẹ.

Pẹ̀lẹ́ wọlé pẹ̀lú òwú, ó ń mí hẹlẹ. Ó yọjú wo orí ìka tó yọ lábẹ́ aṣọ. "Yéè! Màmá ti di ìyàwó tuntun! Bí Bàbá bá rí èyí, wọ́n á tún ìyàwó gbé." Ọkàn Àǹtí gún un. Nítorí kí ó má baà gbọ́ ohùn ọkàn náà, ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó mú ìgò ọ̀dà pupa kékeré kan tó ní ìdérí wúrà, ó sì fi lé Pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́. "Gbà, tìrẹ nìyẹn. O ṣeun." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí. Ẹ rántí ìgò yìí o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀bùn ẹni tó jẹ̀bi máa ń ní eyín.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Bọ̀ọ̀dá dé láti ìrìn àjò. Ó di ọwọ́ Màmá mú kó lè yin èékánná náà, ó sì rí i pé ìka kẹrin ṣófo. Ó pe Àǹtí lórí fóònù, kíá ló ti dé. Pẹ̀lẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ là kedere, torí kò mọ̀ pé ẹjọ́ ni. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo rò pé Àǹtí ló yọ ọ́ tọ́jú lọ́jọ́ tí wọ́n wá ṣe èékánná ni. Láti ọjọ́ náà ni n ò ti rí i mọ́." Gbogbo ojú yí sí Àǹtí. Ó lè sọ nígbà náà pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lọ́dọ̀ mi." Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Kò sì tíì pẹ́ jù. Ẹnikẹ́ni kò ní bínú sí i. Ṣùgbọ́n ó ní, "Èmi kẹ̀? Ọwọ́ wọn ni mo fi í sílẹ̀ sí. Ta ló ń wẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́?" Bọ̀ọ̀dá kọjú sí Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ wo Àǹtí, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó rò pé wọ́n ń bá òun ṣeré. Ẹ̀rín náà wá kú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, báàgì mi rèé. Ẹ tú u wò." Wọ́n tú u. Aṣọ ló wà níbẹ̀, ìwé orin, kóòmù, àti ìgò ọ̀dà pupa kan tó ní ìdérí wúrà.

Bọ̀ọ̀dá gbé ìgò náà sókè. "Èyí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi nìyí?" Pẹ̀lẹ́ ní, "Àǹtí ló fún mi. Àǹtí, ẹ sọ fún wọn." Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni Àǹtí sọ pé òun máa gbé lọ síwájú Ẹlẹ́dàá bí kì í bá ṣe àánú. Yíyọ òrùka burú. Fífi í pa mọ́ burú. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù wà nínú gbólóhùn kan. Ó wo ìgò náà. Ó wo ọmọ náà. Ó sì ní, "N ò rántí pé mo fún un." Kò sọ pé rárá. Ó rò pé ìyẹn ò tó irọ́. Ìgò kékeré yẹn ni wọ́n fi gbé òrùka lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn, torí ẹni tó bá jí kékeré, ta ló máa ní kò jí ńlá? Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí bẹ́ẹ̀dì pé, "Rárá! Rárá!" ó sì na ìka kẹrin yẹn sí Àǹtí. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ẹ ò rí i? Màmá pàápàá ń sọ pé rárá, wọ́n ń bẹ àbúrò mi kó bá wọn wá a." Ó kọjú sí Pẹ̀lẹ́: "Kó ẹrù ẹ. Mi ò ní pe ọlọ́pàá torí ọwọ́ tó o fi tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n kó ẹrù ẹ." Pẹ̀lẹ́ kó o. Ní ẹnu ọ̀nà, ó yí padà sí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá." Kò sí àkùkọ kan tó kọ ládùúgbò náà, irú èyí tó kọ fún àpọ́sítélì tó sẹ́ Olúwa rẹ̀. Kò sí ohun tó ró. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Àǹtí sunkún.

Àǹtí kó lọ sílé Màmá láti máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀, tó bá di ọ̀sán ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù, aládùúgbò á sì bá a ṣọ́ ìyá. Ohun tó ń fẹ́ ló rí gbà yẹn, àbí? Kò sí àlejò mọ́ láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé abọ́ omi wọlé báyìí, Màmá á ki ọwọ́ òsì sábẹ́ aṣọ ìbora, á sì dì í mú síbẹ̀. Ó lè jẹ́ omi ìwẹ̀, ó lè jẹ́ omi mímu. Dókítà ní àìsàn náà ni. Àǹtí ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, dókítà." Èékánná ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn padà, ọ̀dà òdòdó sì ń gùn jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó fi ìdí funfun sílẹ̀, ọmọ oníṣẹ́ èékánná kò sì rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ dì mú. Ní ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan tó ń ta bọ́tìnnì na ọwọ́ fún un, ó ní, "Àǹtí, mo gbọ́ ti ọmọ yẹn o. Ó wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi, mo ní, 'Ẹ sá fún un, olè ni.' Ó tún lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé, wọ́n lé e níbẹ̀ náà. A dúpẹ́ pé ẹ tètè rí i." Àǹtí ń rẹ́ èékánná rẹ̀ lọ, ó ń rẹ́ ẹ lọ, títí obìnrin náà fi pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi!"

Òrùka náà ṣì wà nínú ìpara. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an, tí kò sí oníbàárà, Àǹtí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wa á jáde, ó nù ún, ó sì fi í sí ìka ara rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ wò ó ni. Pẹ̀lú ìpara díẹ̀ tó ṣẹ́kù lára rẹ̀, ó yọ̀ wọlé bí ẹni tó ń lọ sílé. Ó wò ó. Kò dùn. Ó fẹ́ bọ́ ọ, kò bọ́. Ó fà á, ìka bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Nígbà náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù jọ lẹ́ẹ̀kejì: abọ́, yìnyín, òróró ólífì, aṣọ ìnura. Ó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì rí i pé bí òun ṣe tò ó níjọ́sí náà nìyẹn, abọ́ lápá òsì, òróró lápá ọ̀tún. Ó ki ọwọ́ bọ omi yìnyín títí egungun fi ń dùn ún. Òrùka tó gbọ́ràn sí i lẹ́nu lára ìyá rẹ̀ kò gbọ́ràn lára tirẹ̀. Bó ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni ìka ń wú. Nígbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó ya báńdéèjì, ó fi dì í, ó ní omi gbígbóná ló jó òun. Àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. "Pẹ̀lẹ́." "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." "Pẹ̀lẹ́ o, ẹ máa fi nǹkan pa á." Gbogbo ẹnu ló ń pe orúkọ ọmọ náà sí i létí. Kò sí ibi tó lè sá sí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Bọ̀ọ̀dá wá jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ Màmá. Ìka Àǹtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ó ń lù kìkì bí ọkàn kejì. Bọ̀ọ̀dá ní, "Iná wo ni kì í san yìí? Mú un wá kí n wò ó." Àǹtí ní, "Ẹ fi sílẹ̀, Bọ̀ọ̀dá, ó ti ń gbẹ." Bó ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga oníkẹ̀kẹ́, ohun kan mú un láṣọ. Ọwọ́ òsì Màmá ni. Ìyá náà ti yọ ọ́ kúrò lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà nínú báńdéèjì mú, ó gbé e lé itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò ra á díẹ̀díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ra á nígbà tí Àǹtí wà ní kékeré tí ilẹ̀kùn bá pa á lọ́wọ́. Omi ń dà lójú ìyá. Ó rò pé ọmọ òun jóná. Ó ti dá ọwọ́ náà mọ̀, ó mọ ohun tó gbà lọ́wọ́ òun, síbẹ̀ ó ń ṣàánú rẹ̀ pé ó ń dùn ún. Àǹtí wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì. Ó fi eyín fa báńdéèjì náà. Bọ̀ọ̀dá ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Rọra!" Báńdéèjì bọ́. Òrùka bàbá wọn wà níbẹ̀, ó rì sínú ẹran ara.

Ó ní, "Kò jóná. Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Èmi ni. Mo fi omi yìnyín bọ́ ọ lọ́wọ́ wọn, mo ní mo fẹ́ fọ abẹ́ rẹ̀ ni. Òwú tí mo rán ọmọ yẹn lọ rà wà nínú báàgì mi. Ìgò yẹn, èmi ni mo fún un. Mo rántí. Mo rántí ní gbogbo ìgbà." Bọ̀ọ̀dá dìde, ó sì jókòó padà. Ó ní, "Ìwọ? O wò mí lójú, o jẹ́ kí n fi ẹnu mi lé ọmọ ọlọ́mọ jáde? Ẹnu tí mo fi gba ara Olúwa ní àárọ̀ yìí?" Kò lù ú. Ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ká ní ó lù ú. Ó ní, "Dìde. Ìka yìí kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, o mọ ibi tí à ń lọ."

Alágbẹ̀dẹ wúrà tó wà lẹ́yìn ọjà wo ìka náà, ó sì ní, "Èwo ni kí n gé, òrùka ni àbí ìka? Ẹ tètè sọ, torí ó jọ pé àwọn méjèèjì ti fẹ́ra." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ayùn kékeré gé òrùka náà, ó là á, ó sì bọ́ ọ. Nínú yàrá ẹ̀yìn ilé alágbàfọ̀ kan, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti ń fẹ́ sójú èèyàn, ni wọ́n ti bá Pẹ̀lẹ́. Ó ń lọ aṣọ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Bó ṣe rí wọn, ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Àǹtí kúnlẹ̀ sáàárín àwọn aṣọ tó wà nílẹ̀, ó na òrùka tó là náà sí i. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Pẹ̀lẹ́ gbọ́ ọ dé òpin. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìgò yẹn ńkọ́, Àǹtí? Ṣé ẹ ti wá rántí?" Àǹtí ní, "Mo rántí. Èmi ni mo fún ọ. O kúnlẹ̀, o dúpẹ́." Nígbà náà ni ọmọ náà tó sunkún. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ọmọ mi, dárí jì wá. Máa bọ̀ nílé." Pẹ̀lẹ́ nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo ti dárí jì yín tipẹ́, Bọ̀ọ̀dá, torí mo fẹ́ máa rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ò sí níbí. Ẹ̀yin lẹ gbé e dànù. Ó wà lẹ́nu ìyá tó ń ta bọ́tìnnì. Ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé. Mi ò lè fi ẹnu ara mi lọ kó o. Àǹtí ni kó bá mi kó o wá."

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn fi gbólóhùn kan dá, ọ̀nà gígùn ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn láti tún un ṣe. Pẹ̀lẹ́ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bá a sọ̀rọ̀, Àǹtí sì ń sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà pé, "Èmi ni olè náà. Ọmọ yìí kò mú nǹkan kan." Ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta bọ́tìnnì. Èyíinì pariwo, "Àǹtí! Ẹ̀yin tí ẹ ń di ọwọ́ wa mú!" Ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó kì í sábẹ́ tábìlì, gẹ́lẹ́ bí Màmá ṣe ń ṣe. Ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ní kó sinmi orin ná. Àwọn oníbàárà kan kò padà wá mọ́ títí di òní. Ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé gba Pẹ̀lẹ́ síṣẹ́, ibẹ̀ ló wà. Kò padà sídìí iṣẹ́ Màmá, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Ṣùgbọ́n ó ń wá kí ìyá. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, ọ̀dà pupa wà lórí èékánná rẹ̀, ó sì na ọwọ́ náà síwájú Àǹtí. Àǹtí ní, "Ó ti ń ṣí légbèégbè. Jókòó, jẹ́ kí n tún un kùn fún ọ." Pẹ̀lẹ́ ronú díẹ̀, ó sì jókòó.

Alágbẹ̀dẹ jó òrùka náà pọ̀. Ibi tó ti gé e kò parẹ́, èèyàn lè fi èékánná kàn án. Àǹtí kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Màmá lójú ọ̀sán gangan, níṣojú Bọ̀ọ̀dá àti Pẹ̀lẹ́: fáìlì, igi tẹ́ẹ́rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì, aṣọ ìnura, ọ̀dà òdòdó, àti òróró díẹ̀, ìwọ̀n tí èékánná nílò. Ó gbé omi kaná. Ó fi ìgúnpá ara rẹ̀ wò ó, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ó gbé abọ́ náà wọlé, ó kúnlẹ̀, kò na ọwọ́ sí ìyá rẹ̀. Ó kàn dúró. Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ìbora mì, ọwọ́ òsì jáde, ó fi orí ìka kan tọ́ omi náà wò. "Hẹn," ni Màmá wí. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, tí ọ̀dà sì gbẹ, ìyá náà na ìka kẹrin sókè, ó ya á sọ́tọ̀, ó ń retí. Àǹtí fi òrùka náà sí i.

Ó ní kí n bẹ̀ yín fún òun. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, tí ẹ ti bá a kọrin rí, ẹ foríjì í. Ó sì ní kí n sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́: bí ẹ bá ń kó ẹrù yín jọ, tí ohun kan bá wà nínú rẹ̀ tí ẹ kò lè dárúkọ níwájú ẹni tí ẹ ń lọ tọ́jú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó fa ṣíìpù. Bí wọ́n bá sì bi yín pé ṣé ẹ̀yin ni, tó sì jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ rántí o.

Ìwọ tí o kà á dé ibí, kí Olúwa bù kún ọwọ́ rẹ méjèèjì. Kí ohun tí o fi kan aláìsàn jẹ́ ìwòsàn. Kí orúkọ rẹ má sọnù sí ẹnu ọmọ aráyé, bó bá sì sọnù, kí ẹni tó gbé e lọ má lè sùn títí yóò fi gbé e padà wá fún ọ. Kí ẹni tí o ṣẹ̀ ṣì ní ọwọ́ kan tí yóò nà sí ọ. Kí omi ilé rẹ má tutù jù. Àmín.